Ọkọ̀ oníná, hybrid àti iná tí kò dúró: kí ni àríyànjiyàn yìí dá lé?

Ẹnu dùn ún rofọ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí àbá òfin lórí ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ti kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì nílé aṣòfin àgbà l'Ábùjá, kò sẹ́ni tí kò tíì di ọ̀mọ̀ràn nípa bátìrì. Àwọn kan ní ọkọ̀ oníná ni yóò gba afẹ́fẹ́ Èkó sílẹ̀ lọ́wọ́ èéfín. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni, pé ìlú tí jẹnẹrétọ̀ ń ké látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín wọn làwọn tó ti ra Camry hybrid tòkunbọ̀, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀, wà, tí wọ́n ń wo àmì pupa lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọn ò mọ ẹni tí wọn ó bi.

Ìṣirò ló lè tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, nítorí náà lítà epo àti yúnìtì iná la ó máa kà. Yúnìtì kan níhìn-ín ni yúnìtì kan náà tí ẹ ń rà sórí mítà ilé yín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?

Epo bẹntiróò ni. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó 200 naira ṣáájú ọjọ́ yẹn ti kọjá 600 láàárín oṣù méjì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá hybrid kiri lákòókò yẹn, owó epo ló ń sá fún. Ọ̀rọ̀ àyíká kò tíì dé ọkàn rẹ̀.

Ìjọba náà dá sí i. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 yẹn kan náà ni wọ́n yọ ọkọ̀ oníná kúrò lára ọjà tí wọ́n ń gba VAT lé lórí. Àbá òfin ti ọdún 2025 wá fẹ́ kí àwọn ilé epo máa gbé ẹ̀rọ tí ń ṣáájì ọkọ̀ sínú ọgbà wọn, ó sì fẹ́ kí iléeṣẹ́ òkèèrè tó bá ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá àwọn tó ń to ọkọ̀ nílé ṣiṣẹ́ pọ̀. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe òfin o. Ìgbìmọ̀ ṣì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà níwájú, ilé aṣojú-ṣòfin ní láti gbà á, ààrẹ sì ní láti fọwọ́ sí i.

Èwo ni hybrid, èwo ni ọkọ̀ oníná?

Oríṣi mẹ́ta ni ẹnu ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkínní ni hybrid lásán, irú Prius tí Toyota gbé jáde ní Japan níparí ọdún 1997. Epo nìkan là ń bù sí i, kò síbi tí a ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó ní ẹ́ńjíìnì, ó ní ẹ̀rọ iná, ó sì ní bátìrì kékeré kan lẹ́yìn ìjókòó. Bátìrì Prius ọdún 2004 kò ju nǹkan bíi yúnìtì 1.3 lọ. Bí o bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná yẹn á yí padà di jẹnẹrétọ̀: agbára tí ì bá di ooru lára páàdì á di iná, á sì wọ bátìrì lọ. Ìdí nìyẹn tí páàdì bíréèkì hybrid fi ń pẹ́ kó tó jẹ.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní plug-in hybrid. Bátìrì rẹ̀ tóbi díẹ̀, a lè ṣáájì rẹ̀ nílé, ó sì lè fi iná nìkan rin nǹkan bí 40 sí 80 kìlómítà kí ẹ́ńjíìnì tó jí. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ oníná gan-an: kò ní ẹ́ńjíìnì, kò ní táńkì, kò ní sálẹ́ńsà. Bátìrì rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín yúnìtì 40 sí 80.

Gosiló ni hybrid ti ń ṣe bẹbẹ. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ọ̀jọ̀ta tàbí ní Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjíìnì á kú fúnra rẹ̀, bátìrì á sì máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Camry ẹlẹ́ńjíìnì 2.5 tí kì í ṣe hybrid lè jẹ nǹkan bíi lítà 10 nínú ìlú lórí 100 kìlómítà. Ti hybrid á jẹ bíi 6. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá gun ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ń sá 110 láìdúró, ìyàtọ̀ wọn á dínkù gan-an, nítorí kò sí bíréèkì tí a ó ti rí iná gbà padà. Ẹni tó jẹ́ pé ìrìn ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ rẹ̀, kó má retí irú èrè bẹ́ẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ oníná kò ní èéfín?

Kò ní in nídìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí àwọn alátakò ń sọ ni pé èéfín náà kàn lọ síbòmíràn ni, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́ dé àyè kan. Ẹ jẹ́ ká kà á.

Lítà epo bẹntiróò kan, bó bá jó tán, ń di nǹkan bíi kílò 2.3 afẹ́fẹ́ carbon dioxide, èyí tó ń mú ayé gbóná, tí a ó máa pè ní káábọ́nù. Ó ń ya èèyàn lẹ́nu, torí lítà epo fúnra rẹ̀ kò wúwo tó kílò kan. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó fà mọ́ra nígbà tó ń jó ló sọ ọ́ di púpọ̀. Camry lásán tó jẹ lítà 10 ti tú kílò 23 sáfẹ́fẹ́ lórí 100 kìlómítà. Ti hybrid tó jẹ lítà 6 tú bíi 14.

Ọkọ̀ oníná tó mọ níwọ̀n á lo yúnìtì 18 lórí 100 kìlómítà yẹn. Iná máa ń ṣòfò díẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣáájì, nítorí náà yúnìtì 20 ni mítà á kà. Níbo ni yúnìtì 20 náà ti wá? Ní Nàìjíríà, gáàsì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná ìjọba, ní irú ibùdó bí Ẹ̀gbìn ní Ìkòròdú tó lágbára mẹ́gáwáàtì 1,320. Omi Kaínjì, Jẹ́bà, Ṣíróró àti Zungeru ló ń pèsè ìyókù. Bí a bá da gáàsì àti omi pọ̀, tí a sì fi èyí tó ń ṣòfò lójú wáyà kún un, yúnìtì kan á sún mọ́ kílò 0.45. Ìlọ́po 20 rẹ̀ jẹ́ kílò 9. Ó kéré sí ti hybrid, ó sì kéré gan-an sí ti Camry lásán.

Ṣùgbọ́n ta ló ń rí iná ìjọba lò látàárọ̀ dalẹ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo bẹntiróò máa ń jẹ nǹkan bíi lítà 0.6 kó tó pèsè yúnìtì kan. Yúnìtì 20 á gba lítà 12. Ẹ wò ó dáadáa: lítà 12 lo jó kí ọkọ̀ oníná lè rìn, nígbà tí lítà 10 ì bá ti gbé Camry lásán débẹ̀, tí hybrid ì bá sì fi 6 dé. Káábọ́nù rẹ̀ á sún mọ́ kílò 28. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń lo díísù sàn díẹ̀, bíi lítà 6 sí 7 fún yúnìtì 20, ṣùgbọ́n díísù ní káábọ́nù ju bẹntiróò lọ, nítorí náà ó ṣì ń lọ sí kílò 16 sí 19.

Ọkọ̀ kan náà, bátìrì kan náà: kílò 9 tàbí kílò 28. Ibi tí iná ti wá ló dá wọn yà, ìdí sì rèé tí ẹni méjì fi lè máa jiyàn lórí ayélujára kí àwọn méjèèjì sì máa sọ òótọ́.

Ṣíṣe bátìrì ńkọ́?

Níbí ni ọkọ̀ oníná ti ń jẹ gbèsè kó tó kúrò níléeṣẹ́. Iye káábọ́nù tó ń jáde lórí yúnìtì bátìrì kan yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Kílò 60 sí 100 ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ń dé. Bí a bá mú 80, bátìrì oníyúnìtì 60 á ti tú kílò 4,800, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún, kí táyà tó kan ilẹ̀. Ti hybrid kéré débi pé kò tọ́ sí kíkà.

Bí iná ìjọba nìkan ni a fi ń ṣáájì, ọkọ̀ oníná ń fi kílò 14 san gbèsè náà lórí gbogbo 100 kìlómítà tí Camry lásán ì bá rìn. Á san án tán ní nǹkan bíi 34,000 kìlómítà, èyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ á rìn láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ hybrid ni a fi wé, kílò 5 péré ló ń jèrè, á sì rin 96,000 kìlómítà kó tó bọ́. Bó bá jẹ́ ìdajì iná ìjọba, ìdajì jẹnẹrétọ̀ kékeré, kò ní bá hybrid láéláé. Níbi tí gbogbo iná ti ń ti inú omi wá, nǹkan bíi 21,000 kìlómítà ti tó láti bá Camry lásán dọ́gba.

Wàhálà kejì ni ti ìwakùsà. Kóbáltì tó wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì, nǹkan bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá ti gbogbo ayé ló ń wá láti Kóńgò Kinshasa, àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán wà á níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọdé, sì ti di ìtìjú fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Àwọn tó ń gbèjà ọkọ̀ oníná ń dáhùn pé bátìrì irú èyí tí wọ́n ń pè ní LFP, tí BYD, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ China, ń lò, kò ní kóbáltì, kò sì ní níkẹ́ẹ̀lì. Òótọ́ ni. Ó ṣì ní lítíọ́ọ̀mù ṣá, lítíọ́ọ̀mù náà sì ti dé ẹ̀yìnkùlé wa: wọ́n ń wà á ní Nasarawa, ní Kwara, ní Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wà á ni kò ní ìwé àṣẹ, kòtò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní.

Bátìrì tó bá kú ńkọ́? Nàìjíríà kò tíì rójú ti bátìrì òjé tó wà nínú ọkọ̀ àtijọ́. Ní Ògijò, ìpínlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2025 fi hàn pé òjé wà lára àwọn òṣìṣẹ́ àti aráàdúgbò tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì. Lítíọ́ọ̀mù kì í ṣe òjé, kò sì ní oró irú tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lu ú tàbí gún un, ó lè gbiná, omi kì í sì í tètè pa iná náà.

Kí ló ń pa hybrid lọ́dọ̀ wa?

Eruku àti ooru. Bátìrì Prius àtijọ́ jẹ́ ìdìpọ̀ 28, ti Camry ọdún 2007 sí 2011 jẹ́ 34, ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fóòtì (volt) 7.2, wọ́n sì so wọ́n mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọ̀kan bá rọ, gbogbo wọn á rọ. Fáànù kékeré kan ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú ọkọ̀ lọ sára wọn. Nínú Prius, ẹnu ihò afẹ́fẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn máa ń ti báàgì sí. Ọyẹ́ á dé, eruku á dì mọ́ abẹ́ fáànù bí òwú, bátìrì á máa gbóná, ẹni tó ń wakọ̀ kò ní mọ̀. Lọ́jọ́ kan, kóòdù P0A80, tó ń sọ pé bátìrì hybrid ti ń kú, á yọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n wá ìdìpọ̀ tó kú, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ á jí. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, kóòdù náà á padà, nítorí tuntun àti ògbólógbòó kò lè gba iná dọ́gba, èyí tó rọ jù nínú àwọn tó kù ni yóò sì kú tẹ̀ lé e. Bó ṣe yẹ kí ó rí ni kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n di ẹrù iná lé ìkọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó lágbára, kí wọ́n kó àwọn tó bára mu pọ̀, kí wọ́n fọ irin pupa tó so wọ́n mọ́ra bó bá ti dípẹtà, kí wọ́n sì nu fáànù. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, kì í ṣe ti wákàtí kan.

Rewáyà tí fóòtì 12 ti mọ́ lára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Fóòtì 200 sí 245 ló wà nínú bátìrì yẹn, ó sì lè pa èèyàn. Gbogbo wáyà aláwọ̀ ọsàn ni ti iná ńlá. Pa ọkọ̀, gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún fóòtì 1,000, yọ púlọ́ọ̀gì ọsàn tó wà lára bátìrì, fi í sápò ara rẹ kí ẹlòmíràn má baà fi í padà. Dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí iná tó kù nínú ínfátà ọkọ̀ tó gbẹ. Lẹ́yìn náà, fi mítà wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ tó kàn án.

Ohun mìíràn tí wọ́n ń gbàgbé ni páǹpù omi tó ń tu ínfátà lára, tó yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjíìnì. Nínú Prius ọdún 2004 sí 2009, tan ọkọ̀, ṣí ike omi ínfátà: bí omi ibẹ̀ kò bá rú, páǹpù ti kú.

Kí ni mo nílò láti ṣáájì nílé?

Sókẹ́ẹ̀tì lásán lè pèsè bíi kìlówáàtì 2.3. Yúnìtì 20, ìyẹn ìrìn 100 kìlómítà, á gbà tó wákàtí mẹ́sàn-án. Sókẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fún wáyà rẹ̀ dáadáa lè fi ìgbà díẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kó má ṣe nǹkan kan. Bó bá gbé ẹrù fún wákàtí mẹ́sàn-án lóru, á yọ́. Ẹ jẹ́ kí rewáyà ilé fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ibi mítà, kó sì rí i pé wáyà ilẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣáájì ni kì í ṣiṣẹ́ rárá bí wọn ò bá rí wáyà ilẹ̀, ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí wọ́n tan àmì pupa bí wọ́n bá so wọ́n mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ọkọ̀ ló bàjẹ́.

Ti sólà: pánẹ́ẹ̀lì 10 onígba-550-wáàtì lórí òrùlé ní Èkó, níbi tí òrùn tó dá ṣáṣá kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́, á pèsè nǹkan bíi yúnìtì 16 lẹ́yìn ohun tó ṣòfò. Ó tó ìrìn 80 kìlómítà, bí ọkọ̀ bá wà nílé lọ́sàn-án. Ọkọ̀ kì í sábà wà nílé lọ́sàn-án.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Lórí Band A, níbi tí yúnìtì kan ti wà ní nǹkan bíi 209 naira lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 2024, yúnìtì 20 á jẹ́ 4,180 naira. Bí lítà epo bá jẹ́ 900, hybrid á ná 5,400 lórí ìrìn kan náà, Camry lásán á ná 9,000, ọkọ̀ oníná tó ń jẹun lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ á sì ná 10,800.

Kí làwọn ìlú mìíràn ń ṣe?

Ethiopia ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ní wọn ò ní gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lo epo wọlé mọ́. Kì í ṣe torí àyíká nìkan: owó dọ́là tí wọ́n fi ń ra epo lókè òkun ti ń pa wọ́n lára, bẹ́ẹ̀ omi ló sì ń pèsè nǹkan bíi gbogbo iná wọn. Norway náà, omi ni. Lọ́dún 2024, nǹkan bí ọkọ̀ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí wọ́n rà ní tuntun níbẹ̀ ló jẹ́ oníná, tí wọ́n sì ń ta epo rọ̀bì tiwọn fún aráyé lọ.

Ní Bìrìtéènì, ọkọ̀ tuntun tó ń lo epo nìkan á dópin lọ́dún 2030, wọ́n fún hybrid di 2035. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fẹnu kò lọ́dún 2023 pé ọkọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ tú káábọ́nù mọ́ láti 2035, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ wọn dábàá pé kí wọ́n rọ òfin náà díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, owó orí 7,500 dọ́là tí wọ́n ń dá padà fún ẹni tó ra ọkọ̀ oníná parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025.

Nítòsí wa, Benin àti Togo ń gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀kadà oníná ti iléeṣẹ́ Spiro wà ní Kùtọnu àti Lomé, àwọn tó ń gùn ún kì í sì í dúró ṣáájì: wọ́n á yọ bátìrì tó ti rẹ̀, wọ́n á gba èyí tó kún, wọ́n á sì lọ. Bátìrì ọ̀kadà kéré tó èyí tí ọwọ́ lè gbé, nítorí náà wàhálà tó wà lọ́rùn ọkọ̀ ńlá kò sí lọ́rùn tirẹ̀.

Ta ló ń sọ kí ni?

Toyota ní ohun èlò tí a fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ oníná kan tó ń rìn jìnnà tó plug-in mẹ́fà tàbí hybrid 90, àti pé káábọ́nù tí 90 yẹn á dín kù pọ̀ fíìfíì ju ti ẹyọ kan lọ. Àwọn alátakò wọn ń fèsì pé ẹni tó ń ta hybrid ló ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ohun èlò bátìrì kò wọ́n bíi ti àtijọ́ mọ́, àti pé hybrid á máa jó epo títí ọjọ́ tí yóò kú, nígbà tí ọkọ̀ oníná á máa mọ́ sí i bí iná ìlú bá ṣe ń mọ́ sí i.

Lórí plug-in, ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ Yúróòpù gbé ìròyìn jáde lọ́dún 2024 pé káábọ́nù tí wọ́n ń tú lójú pópó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé, torí àwọn tó ni ín kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣáájì rẹ̀.

Ìjọba Nàìjíríà ní tirẹ̀ ń polongo CNG, gáàsì tí wọ́n fún sínú gárawa irin nínú búùtù. Gáàsì wà nílẹ̀ wa, ẹ́ńjíìnì àtijọ́ ṣeé yí padà sí i, káábọ́nù rẹ̀ sì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún sí mẹ́rin dín sí ti bẹntiróò. Bí gáàsì náà bá ń jò kó tó dé ẹ́ńjíìnì, èrè yẹn á tètè ṣòfò, nítorí mẹ́téénì ń mú ayé gbóná ju káábọ́nù lọ.

Ṣé kí n ra Leaf tòkunbọ̀?

Nissan Leaf wà lára ọkọ̀ oníná tó pọ̀ jù lórí àtẹ tòkunbọ̀ lágbàáyé, owó pọ́ọ́kú rẹ̀ sì ń fa ojú mọ́ra. Bátìrì rẹ̀ kò ní omi tàbí fáànù tí ń tù ú lára, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Tan ọkọ̀ náà, wo ọwọ́ ọ̀tún géèjì bátìrì: ilà kékeré 12 ló yẹ kó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilà ńlá tó ń sọ iye ṣáájì. Àwọn kékeré náà ló ń sọ ìlera bátìrì. Ilà kìíní kì í lọ àfi bí bátìrì bá ti pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú 100. Bó bá ku mẹ́jọ, ó ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó lọ. Lára Leaf tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 24, ohun tó ṣẹ́kù lè gbé ọ bíi 80 kìlómítà. Fi ẹ̀rọ amúlétutù àti gosiló wákàtí mẹ́ta sí i, kà á sí 60. Ẹni tó ń ti Lẹ́kkí lọ sí Ìkẹjà á délé lálẹ́, kó má sáà yà síbòmíràn.